Ẹ̀yin Olówó Tírélà, Ta Ló Kọ́ Àwọn Ọmọ Yìí Níṣẹ́?

Ẹ̀yin olówó tírélà,

Inú ń bí mi. Mo ti ń wa tírélà kí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1988, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Lóṣù tó kọjá, mo bá ọmọkùnrin kan pàdé ní Ògèrè. Kọ̀ntéínà ẹsẹ̀ bàtà 40 ló gbé bọ̀ láti Àpápá. Nínú lọ́ọ̀kì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń de kọ̀ntéínà mọ́ tírélà, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó dè. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Bàbá, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi." Kò purọ́. Láìpẹ́ yìí ló ṣì jẹ́ mótóbọ́ì, tó ń fi igi há táyà, tó ń se oúnjẹ ọ̀gá. Mo gba nọ́ńbà ẹni tó ni ọkọ̀, mo pè é. Ó ní, "Bàbá, ṣebí ó wà á dé Ògèrè?"

Ṣebí ó wà á dé! Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọdún 2015, kọ̀ntéínà já bọ́ ní afárá Ojúẹlẹ́gba, ó pa ènìyàn 3. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òmíràn tún já bọ́ níbẹ̀, ó tẹ bọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, ènìyàn 9 kú. Dírẹ́bà la máa ń bú. Ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un wà nílé rẹ̀.

Kí lẹ̀ ń pè ní ìkọ́ṣẹ́? Ọ̀gá yóò sùn lóru, ọmọ yóò gba sítíárì. Bó ṣe ń mọ jíà nìyẹn. Ta ló sọ fún un pé jíà kékeré ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pé búréèkì tí wọ́n ń tẹ̀ léraléra yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́? Aránṣọ kì í gbé aṣọ ìyàwó fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ, ẹ̀yin sì ń gbé kọ̀ntéínà fún mótóbọ́ì.

Ẹ ní àwọn dírẹ́bà ń mu paraga, wọ́n ń gbé tírámádọ̀ọ̀ mì. Bẹ́ẹ̀ ni. Tíríìpù lẹ fi ń sanwó. Ẹni tó bá sùn ti pàdánù. Àwọn míì ò ní ibùsùn ju abẹ́ tírélà lọ.

Mo gbà pé dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, pé àwọn tó ń na ọwọ́ gba owó lọ́nà èbúté pọ̀, pé ètò ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó fẹ́ wọ èbúté, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì ọdún 2021, ò tíì mú gbogbo wàhálà Àpápá kúrò. Báǹkì ń lé àwọn kan nínú yín kiri pẹ̀lú. Èwo nínú rẹ̀ ló ní kí lọ́ọ̀kì má dè? Ẹni tó dá mi lóhùn lórí fóònù kò tilẹ̀ mẹ́nu kan dísẹ́ẹ̀lì. Ṣebí ó wà á dé.

Ẹ fi àgbà dírẹ́bà ti ọmọ tuntun kó tó dá wakọ̀. Iye oṣù tí yóò jẹ́, kí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ àwọn dírẹ́bà jọ sọ ọ́. Ẹ san owó oṣù, bó tilẹ̀ kéré.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní kọ́kọ́rọ́, ẹ yí ọkọ̀ ká kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí lọ́ọ̀kì kò bá dè, ẹ má lọ. Bí ọ̀gá bá ní òun yóò lé yín, ẹ jẹ́ kó lé yín.