Bí Ọdẹ Bá Ro Ìṣẹ́, Bó Bá Ro Ìyà

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Òwe yìí ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọdẹ jìyà: ó sùn lórí ègùn, ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó lo ọjọ́ mẹ́ta láìrí ọ̀kẹ́rẹ́. Síbẹ̀, bó bá délé, á gé ẹran fún aládùúgbò. Ọ̀dọ̀ ọdẹ tí kò jìyà rárá ni òwe náà ti wá dojú rú.

Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ wà ní Ítálì. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé àdúgbò San Salvario, ní ìlú Turin, kò jìnnà sí Stupinigi, ààfin ọdẹ tí ayàwòrán-ilé Juvarra bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ fún àwọn ọba Savoy ní 1729. Àgbọ̀nrín onídẹ ló dúró lórí òrùlé rẹ̀. Ìgbádùn ọba àti ìjòyè ni ọdẹ níbẹ̀ nígbà náà. Lónìí, ti olówó ni. Òfin 157 ti ọdún 1992 fàyè gba àwọn oko ọdẹ kan ní Ítálì láti tú ẹyẹ ọ̀sìn sílẹ̀ kí oníbàárà máa yìn ín níbọn ní gbogbo àsìkò ọdẹ. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní fagiano wà lára wọn: ó jọ àparò wa, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ, ìrù rẹ̀ sì gùn gbọọrọ. Ẹ̀rọ ló ń sàba lé ẹyin rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 24. Kò mọ ìyá, ọwọ́ èèyàn ló ti ń jẹun. Bí wọ́n bá tú u sígbó, ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ẹni tó fẹ́ pa á. Ẹni tó bá fẹ́ kó pe ìyẹn ní ọdẹ.

Ìyà ò tán o, èjìká ọdẹ ló kúrò. Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọwọ́ Faransé ni àwọn oko ọdẹ ibẹ̀ ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ ọdẹ. Ní 2022, àrùn ẹyẹ H5N1 jà ní ìwọ̀ oòrùn Faransé, ọjà dúró, ọ̀pọ̀ oko ọdẹ ní Gẹ̀ẹ́sì sì dín eré wọn kù tàbí kí wọ́n fagi lé e. Eré ni tiwọn. Oúnjẹ ni ti olósìn adìẹ: níbi tí àrùn náà bá ti bẹ́, òfin Yúróòpù ní kí wọ́n fa ààlà kìlómítà 3 yí oko náà ká, kí ti kìlómítà 10 sì tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni tó bá ń sin adìẹ nínú rẹ̀ kò lè tà bó ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa náà. Ní oṣù kejì ọdún 2006, ilé àyẹ̀wò kan ní Legnaro, lẹ́bàá Padua, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé H5N1 ló ń pa ẹyẹ ní oko kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna. Ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà nìyẹn, nǹkan bí 40,000 ẹyẹ ló sì kú.

Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn sí ẹyẹ tí wọ́n kó ti òkèèrè wá, kó kọ́kọ́ dáwó sí àpò gbà-má-bínú àwọn olósìn adìẹ tó múlé gbe oko ọdẹ náà.