Ètùtù Nìkan Kò Lè Dá Ìrókò Padà Sínú Igbó



Ọ̀rọ̀ igi ló wà lẹ́nu mi lónìí. Igi ni ọpọ́n wa, igi ni àgèrè, igi ni ìlù tí a fi ń kí Ifá, ìyẹ̀ igi la sì fi ń tẹ odù. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi wá pé inú igbó wo ni igi ọpọ́n wa ti wá, ta ló gé e, ṣé wọ́n gbin òmíràn, ọ̀pọ̀ wa ni yóò dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn kò dára fún ẹ̀sìn wa.

Àwa ará Ìlá Ọ̀ràngún kò lè sọ pé a ò mọ igi. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí Lamidi Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ agbẹ́gilére, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kárí ayé kó tó di olóògbé ní ọdún 2009. Àwọn irú wọn mọ igi tó yẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ikán kì í fẹ́ jẹ ìrókò, òjò kì í sì í tètè bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ fún ilẹ̀kùn àti òpó ààfin. Ṣùgbọ́n òkúta líle máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn tó ń ba eyín ayùn jẹ́, ìyẹ̀ rẹ̀ sì máa ń mú ènìyàn sín. Apá wúwo, ó le, kì í sì í sún kì púpọ̀ bó bá gbẹ. Ọmọ̀ fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́ inú rẹ̀, àwọn àyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìlù. Àwọn àgbà ní èyí tó bá hù sẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, torí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ìrosùn ńkọ́? Ìyẹ̀ rẹ̀ tí kòkòrò bá jẹ ni ìyẹ̀rosùn.

Osùn ní ọmọ ìyá kan nínú ọ̀dàn tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso. Àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn rẹ̀ fún àga olówó ńlá, ni wọ́n bá ń gé e ní Nàìjíríà bí ẹni ń gé koríko. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES fi í sábẹ́ àkóso ní ọdún 2017. Ní 2018, wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má gba kosso Nàìjíríà mọ́. Ní ìpàdé wọn ní Panama, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fi apá, ọ̀gánwó àti gbogbo ẹbí osùn ti ilẹ̀ Áfíríkà kún un. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gẹdú tàbí pákó wọn kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé àṣẹ ìjọba tó jẹ́rìí pé gígé wọn kò ní pa ìran wọn run. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí kò bọ igi ń ṣírò iye tó kù. Àwa tí à ń bọ ọ́ kò ṣírò.

Àwọn kan yóò ní, "Bàbá, a ti ṣètùtù kí a tó gé e." Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọrọ àyè ni ètùtù, kì í ṣe irúgbìn. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá gé gbogbo akọ tó wà lágbègbè kan, abo tó kù kò ní bí. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ tó ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ kiri. Bí igbó bá tán, àdán á lọ. Bí a bá sì gbin ìrókò nìkan lọ́pọ̀ sójú kan, kòkòrò kékeré kan máa ń bà lé ọ̀mùnú rẹ̀, ewé á yọ kókó, igi á rọ. Àárín igi mìíràn, bíi nínú oko kòkó, ló yẹ kí a máa gbìn ín káàkiri. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Àwọn mìíràn ní kí a má gé ìrókò rárá, torí òrìṣà ni. N kò fara mọ́ ọn. Bí a kò bá gé igi, ọpọ́n oníke la ó máa tẹ̀. Àgbẹ̀ tí ìrókò hù lóko rẹ̀ náà ní ọmọ nílé-ìwé. Bó bá mọ̀ pé igi náà kò ní mú kọ́bọ̀ wá láéláé, yóò ti fi iná sun ún nígbà tó ṣì kéré.

Ohun tí mo ń sọ kò le. Kí ẹ tó ra ọpọ́n, ẹ bi agbẹ́gilére pé igi wo ni, níbo ló ti wá, ṣé ìjọba mọ̀ sí gígé rẹ̀. Pákó ìrókò láti ilé àtijọ́ tí wọ́n wó ti gbẹ dáadáa. Ẹ lò ó. Fún òrùlé àti bẹ́ǹṣì, ẹ ra tíìkì tàbí mẹláínà. Igi àjòjì láti Éṣíà ni wọ́n, wọn kò ní oríkì lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n gbígbìn ni wọ́n ń gbìn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á fi apá àti ìrosùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí igi mìíràn kò lè ṣe.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ẹni tí a bá tẹ̀ nífá láti òní lọ, kó gbin ìrosùn kan. Kò ṣòro, ènìyàn lè fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Awo tí kò ní ìrosùn lágbàálá, ọjà ni yóò máa gbójú lé, ìyẹ̀ pákó lásán sì ti ń jẹ́ ìyẹ̀rosùn lọ́jà.