Ta Ni Yóò Kọ Ìwé Òwò Tiwa?

Ìmọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí a ó jíròrò ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀: pé kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ tí a ń fi pamọ́, kí a fi tẹ ìwé kékeré kan ní èdè Yorùbá, lórí òwò ṣíṣe àti bí a ti ń kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ti ń kùn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ní ta ló tún ń ka Yorùbá. Wọ́n ní kí ẹ kúkú pín owó náà fún wa. Àwa fara mọ́ ọn pé kí a tẹ ìwé yìí. A ó sọ ìdí rẹ̀, a ó sì sọ ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá pẹ̀lú.

Ẹ wo àtẹ àwọn olùtàwé, tàbí àwọn ọmọ tí ń kiri ìwé láàárín ọkọ̀ l'Ékòó nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dé. Ìwé bí a ti ń lówó pọ̀ lọ́wọ́ wọn bí omi. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹ gba Rich Dad Poor Dad tí Robert Kiyosaki àti Sharon Lechter kọ ní Amẹ́ríkà ní 1997. Àwọn òǹkọ̀wé náà ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn kí ilé ìtẹ̀wé ńlá tó gbà á. A kò kẹ́gàn irú ìwé bẹ́ẹ̀ o, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n ìwé tí ń sọ̀rọ̀ ilé rírà ní Amẹ́ríkà, kí ló mọ̀ nípa ìyá eléèlùbọ́ tí ogún oníbàárà jẹ lówó àwìn? Kí ló mọ̀ nípa alájọ tó gba owó ojúmọ́ tí a kò sì rí i mọ́?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ní 1494, ní ìlú Venice ní Ítálì, ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì kan tó ń jẹ́ Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò ńlá kan jáde, ó sì fi apá kan rẹ̀ ṣàlàyé bí oníṣòwò ṣe ń kọ ìwé owó. Ohun méjì ló wù wá nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Èkínní, kì í ṣe òun ló dá ọgbọ́n náà sílẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣòwò Venice ti ń ṣe tipẹ́ ló kó jọ. Èkejì, kò fi èdè Látìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò kọ ọ́. Èdè Ítálì tí ará ọjà ń sọ ló fi kọ ọ́. Ó ti lé ní 500 ọdún báyìí, síbẹ̀ ọgbọ́n náà ni ayẹ̀wé-owó wò tí ó fi ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ tiwa wò. Bí o bá fi owó lọ́wọ́ ra àpò gààrí mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá kọ ọ́: lábẹ́ gààrí, pé ó wọlé, lábẹ́ owó, pé ó jáde. Bí oṣù bá parí tí apá méjèèjì kò dọ́gba, á jẹ́ pé nǹkan wà níbì kan.

Ṣé àwa kò ní ọgbọ́n ni? Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ láwìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó fi pé. Irú ìwé wo ni wọ́n fi ń rántí ẹni tó jẹ wọ́n? Àlùfáà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1921, Gẹ̀ẹ́sì ni. (Ẹ̀dá tó kọ́kọ́ parí ní 1897 sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé l'Óyìnbó, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, ló tún un kọ. Ẹni tó bá ń kọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tọ́jú ẹ̀dá kejì.) Ní 1952, William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan lórí èsúsú yìí kan náà, Gẹ̀ẹ́sì ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n ń sọ, àwa tí a ni ín kò sì rí i kà.

Irú ìwé tí a kò fẹ́ ni èyí tí olówó kan fi ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹ mọ ìkójáde ìwé wa: alága á kéde owó ńlá, onílù á lù, ìwé á délé, kò sẹ́ni tí yóò ṣí i. Ohun tí a fẹ́ ni kí ìyá aláṣọ sọ fún wa ọdún tí aṣọ kò tà, bí ó ti ṣe san gbèsè, àti bí oúnjẹ ilé ṣe ń jẹ ojú owó láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Àwọn tó rọ́wọ́ mú kì í fẹ́ sọ irú èyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wúlò.

Ó ku ẹ̀rù tó ń bà wá. Owó títò àti owó àwo ìtẹ̀wé kò yí padà, ì báà ṣe ẹ̀dá 200 ni a tẹ̀, ì báà ṣe 2,000. Nítorí náà, bí ó bá ti ń pọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dínwó, ibẹ̀ sì ni pańpẹ́ wà. Ìwé tó dínwó tó wá jókòó sínú yàrá akọ̀wé fún ikán, owó wa ló jókòó yẹn o. Ẹ jẹ́ ká tẹ 500 lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn tó fẹ́ rà á san àsansílẹ̀ kí a tó ra bébà. Kí iye rẹ̀ gbé ìnáwó, kí ó sì ku èrè díẹ̀ fún ẹni tí yóò tà á. Ẹ má sì fi tọrẹ, nítorí àkàrà ni wọn yóò fi wé. Kí olùkọ́ tó mọ àmì ohùn yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kí ó tó débẹ̀, kí a kà á sétí àwọn ìyálọ́jà. Ibi tí kò bá yé wọn, kí a tún un kọ. Ẹni tí kò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ lè kà á sínú fóònù fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé tí ó ti fi ń kọ àwìn sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó mú un tọ akọ̀wé wá kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. A ó bo orúkọ àwọn onígbèsè.