Igba Ojú Kì í Bá Ọmọ Wọ Bàálù

Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bí tọkọtaya tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ bá ń múra àtijápa lọ sí Ìlú Ọba nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ dókítà lọ́hùn-ún, owó ni wọ́n sábà máa ń ṣírò: owó físà, owó bàálù, owó ilé. Ó yẹ kí wọ́n ṣírò rẹ̀, àmọ́ ojú ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ìyá àgbà tó ń gba ọmọ sílé lẹ́yìn ilé-ìwé, àbúrò ìyàwó tó ń wẹ̀ fún wọn, aládùúgbò tó ń bá wọn wí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, físà ò kan ìkankan nínú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nílé, òbí á fi owó rà á lọ́hùn-ún ni, tàbí kó fi oorun ojú ara rẹ̀ dí i. Ìdílé tí kò bá tíì mọ ẹni tí yóò bá a wo ọmọ kò tíì ṣe tán àtilọ, bó ti wù kí owó oṣù ibẹ̀ pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kan péré. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ sábà máa ń ṣe ṣíìfù wákàtí méjìlá: á wọṣẹ́ ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, á sì jáde ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti jáde láti nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀. Ta ni yóò dúró lẹ́nu géètì? Òfin ò dárúkọ iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ pé kó tó lè dá wà nílé, ṣùgbọ́n ó ka fífi ọmọ sínú ewu sí ẹ̀ṣẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọmọ, tí àwọn ará wa ń pè ní sósà, sì lè wá kanlẹ̀kùn. Lọkọ bá gba iṣẹ́ òru, ìyàwó gba tọ̀sán. Bí ọ̀kan ṣe ń wọlé ni èkejì ń jáde, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fa ọmọ léra wọn lọ́wọ́. Físà wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní wákàtí 15 lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ ní jẹ́léósinmi lásìkò táàmù, ẹni yòówù kí òbí rẹ̀ jẹ́. Wákàtí 30 tí wọ́n ń fún òbí tó ń ṣiṣẹ́ kò kàn wọ́n bí òbí méjèèjì bá wà lórí irú físà yìí.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn bàbá wa lọ lẹ́yìn 1950, wọ́n kàwé, wọ́n gboyè, wọ́n sì bímọ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ wá béèrè ibi tí àwọn ọmọ náà gbé dàgbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n fà lé ìdílé òyìnbó lọ́wọ́ ní Kent, Essex àti Sussex, tí òbí ń sanwó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó wá alágbàtọ́. Adéwálé Akínnúoyè-Agbájé, òṣèré tí wọ́n bí ní London ní 1967, wà nínú àwọn tí wọ́n gbé lọ sí Tilbury ní ọmọ ọwọ́. Fíìmù Farming tó ṣe ní 2018 sọ bó ṣe kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ débi pé ó bá àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń lu aláwọ̀ dúdú ṣẹgbẹ́. N kò bú àwọn òbí náà. Ìwé ni wọ́n ń kà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, onílé púpọ̀ ò sì fẹ́ aláwọ̀ dúdú tó lọ́mọ. Ìfẹ́ ọmọ ò wọ́n wọn. Ẹni tí yóò bá wọn mójú tó o ni wọn ò ní.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹnì kan ṣáájú, kí àwọn yòókù wá bá a. Ẹ bi àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó: láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà iṣẹ́ náà má ṣe kó aya tàbí ọmọ wá, nígbà tó sì di oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa fún ẹni tó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Ilẹ̀kùn ti nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣì ṣí, àmọ́ ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò wà lẹ́yìn ọdún méjì? Wọ́n á tún ní màmá á wá bá wọn wo ọmọ. Oṣù mẹ́fà ni físà àlejò máa ń gbà á láyè mọ, màmá á sì padà sílé. Láti 2012, òbí tó ti dàgbà kò lè wá bá ọmọ gbé níbẹ̀ àfi bó bá nílò ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kò lè rí gbà nílé. Ìyá tó lè pọn ọmọ kò rí àyè wá gbé. Èyí tí òfin lè fún láyè kò lè pọn ọmọ mọ́.

Ṣé ká wá jókòó sílé ni? Náírà tó wà ní nǹkan bí 460 sí dọ́là kan kó tó di oṣù kẹfà 2023 ti lé ní 1,500 nígbà tó fi di oṣù kejì 2024. N kò lè dá ẹni tó ń lọ lẹ́bi. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n wo iṣẹ́ ẹnìkejì kí wọ́n tó sanwó físà. Físà ọ̀hún fún ọkọ tàbí aya láyè láti ṣe iṣẹ́ tó wù ú, àfi díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú ló máa ń yá jù, iṣẹ́ ṣíìfù sì ni òun náà. Bí aya bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ọkọ jẹ́ tíṣà ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, láti oṣù kejì 2023 ni tíṣà láti Nàìjíríà ti lè béèrè fún ìwé ẹ̀rí tíṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àsìkò ìsinmi tíṣà sì bá ti ọmọ mu. Kí wọ́n sì yan ìlú pẹ̀lú ọgbọ́n. Ìwọ̀n owó oṣù kan náà ni wọ́n ń san fún nọ́ọ̀sì ìjọba tí ipò wọn dọ́gba káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ sí London àti àyíká rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi díẹ̀ kún un fún ọ̀wọ́n ọjà. Ẹni tó gba iṣẹ́ nílùú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, tàbí tí ọ̀rẹ́ tó ṣeé fọmọ tì wà ládùúgbò, kò pàdánù kọ́bọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀.