Ẹ Kọ́ Agbẹ̀bí Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ



Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, a máa ń kí i pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Kí ó tó bí i, àdúrà wa ni pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ewu wà nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ, wọn kò sì fi pa mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ Doppler, nítorí pé ìjọ míì láàárín yín máa ń dáwó láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní Òkè Ọya, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣeun, Olúwa yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé owó ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ló yẹ kó ṣáájú owó ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ ti kíyè sí i rí pé bí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ìró fèrè náà á ga. Bó bá ti kọjá lọ, ìró náà á wálẹ̀. Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló ṣàlàyé irú nǹkan báyìí ní 1842, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ lé lórí nígbà náà. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí máa ń rán ìró tí etí wa kò lè gbọ́ wọ inú ikùn. Ìró náà á kan ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú iṣan, á sì padà wá pẹ̀lú ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn la fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn àti ibi tó ń lọ. Ní 1977, àwọn oníṣègùn ní Dublin kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe fi í yẹ ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìwọ́ ọmọ wò.

Oríṣi méjì ni a máa ń rí, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Èyí kékeré tí a ń fọwọ́ mú wà fún gbígbọ́ lílù ọkàn ọmọ. Bí iye rẹ̀ bá wà láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, a ní ó dára. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ tí ìyà ń jẹ nínú lè máa lù bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí. Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún tí ẹ ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti máa lò nílé, bí ọmọ kò bá yí mọ́ bó ṣe máa ń yí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìró yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì ni Doppler tó wà lára ẹ̀rọ scan. Òun ló ń fi hàn bóyá olóbi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí olóbi bá dára, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á máa ṣàn lọ síbẹ̀ láìdúró, kódà nígbà tí ọkàn bá ń sinmi láàárín lílù kan sí èkejì. Bí olóbi bá ń bàjẹ́, bí ó ti lè rí fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, ṣíṣàn ìgbà ìsinmi yẹn á dín kù, á dúró, nígbẹ̀yìn ó tilẹ̀ lè máa padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá tètè rí i lè gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí ọmọ tó kú sínú. Ìwádìí ti fi hàn pé nínú oyún eléwu, ó ń dín ikú ọmọ kù.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ nìyí. Bí ẹni tó ń lò ó bá gbé ọwọ́ sí ibi tí kò yẹ, tí ìró dá iṣan kọjá ní ìbú, ẹ̀rọ lè ní ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn nígbà tó ń ṣàn. Bí ó bá yí ohun tó ń sẹ́ ìró rírẹlẹ̀ sókè jù, ṣíṣàn tó rọra á pòórá lójú àwòrán. Bí ọmọ bá ń yí tàbí tó ń mí nínú, àwòrán á dàrú, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kí òun ní sùúrù. Ẹ rò ó wò: nítorí àṣìṣe báyìí, wọ́n lè la ikùn ìyá tí kò sí ohun tó ṣe é, kí wọ́n gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jáde. Tàbí kí wọ́n sọ fún ẹni tó wà nínú ewu pé kó máa lọ sílé.

Mo ti rí ẹ̀rọ olówó ńlá tí wọ́n fi aṣọ bò ní igun yàrá. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á fi wo bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ni.

Kì í ṣe gbogbo aboyún ló nílò Doppler. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn scan kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí a máa ṣe Doppler fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá, àyẹ̀wò ìtọ̀, àti téèpù tí a fi ń wọn ikùn ló ń kọ́kọ́ sọ ẹni tó yẹ kí a ṣe é fún. Agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ mọ èyí.

Ẹnìkan lè ní, "Bí a bá kọ́ nọ́ọ̀sì náà, ṣé kò ní japa?" Ó lè lọ o. Àwa tí a ti kúrò nílé kọ́ ni yóò dá a lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ẹni méjì pọ̀, ká sì bá wọn ṣàdéhùn pé wọn yóò kọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó lọ. Ẹlòmíràn lè ní àdúrà tó. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ṣífrà àti Púà nínú ìwé Ẹ́kísódù. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, inú iṣẹ́ agbẹ̀bí tí wọ́n mọ̀ sì ni ìbẹ̀rù náà ti hàn.

Nígbà tí ẹ bá tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó yìí, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni yóò máa lo ẹ̀rọ náà? Ta ni yóò kọ́ ọ, tí yóò sì máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́yìn náà? Bí ó bá rí ewu lóru, ọkọ̀ wo ni yóò gbé ìyá, ibo ni yóò sì gbé e lọ? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ. Ẹ fi owó náà rán agbẹ̀bí lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Owó wà lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ wà nílé. Kí Olúwa so méjèèjì pọ̀, kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a máa gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.