Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Ní ọdún tí wọ́n fún mi ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láti ṣe ìwádìí, mo sọ fún kíláàsì mi pé Jọ́jíà ni màá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù September. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí léèrè pé, "Olùkọ́, ṣé ẹbí yín wà ní Atlanta ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Jọ́jíà tí mo ń wí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè kan ni, lẹ́bàá Òkun Dúdú. Rọ́ṣíà wà ní àríwá rẹ̀, Tọ́kì wà ní gúúsù. Ní apá ìlà-oòrùn rẹ̀ ni agbègbè Kakheti wà, odò Alazani sì ń ṣàn gba inú àfonífojì ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni mo lọ. Ibẹ̀ náà ni ojú ti tì mí.

Mo ń kọ èyí sí yín nítorí ohun tí ìtìjú yẹn kọ́ mi. Èrò mi ni pé ẹni tó bá rìnrìn àjò lọ wo ogún àwọn ẹlòmíràn, tó jẹ nínú oúnjẹ wọn, tó mu nínú ọtí wọn, ṣùgbọ́n tí kò bìkítà fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lé e lórí, ìdajì ohun tó lọ wò ló rí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín gba ọ̀nà náà. Tí ẹ bá dúró ní àfonífojì yìí, tí ẹ kọjú sí àríwá, àwọn òkè Caucasus ni ẹ máa rí níwájú. Ẹ̀yìn yín ni àwọn òkè Gombori wà. Ọgbà àjàrà ló kún àárín méjèèjì, abúlé sì ń tẹ̀lé abúlé. Láti ọ̀nà jíjìn ni ẹ ó ti máa wo kàtídírà Alaverdi, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tó sì ga ju mítà 50 lọ. Lẹ́bàá ìlú Sighnaghi ni ilé ìsìn Bodbe wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Nino Ẹni Mímọ́ sí, obìnrin tó mú ẹ̀sìn Kristi wọ ilẹ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 1,700 sẹ́yìn. Ìtàn wọn sọ pé ẹ̀ka igi àjàrà méjì ni Nino fi ṣe àgbélébùú, irun orí ara rẹ̀ ló sì fi so wọ́n pọ̀. Ẹ kíyè sí i: igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe ọtí náà ni wọ́n fi ṣe àmì ìgbàgbọ́ wọn. Bí ẹ bá ti mọ èyí, kò ní yà yín lẹ́nu pé àwọn mọ́ńkì tó ń gbé ní Alaverdi ń ṣe wáìnì títí di òní.

Ẹni tó bá ti rí àmù rí nílé ìyá àgbà yóò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì náà. Ìkòkò amọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní qvevri ni wọ́n ń lò. Ó rí bí ẹyin; àwọn kan tóbi débi pé ènìyàn lè wọ inú wọn láti fọ̀ wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí wọ́n tó sun ún. Wọ́n á fi ìda oyin pa inú rẹ̀, wọ́n á sì rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní marani. Nígbà ìkórè, wọ́n á tẹ èso àjàrà, wọ́n á da omi rẹ̀ pẹ̀lú èèpo àti kóró sínú ìkòkò. Bí ó bá ti hó tán, wọ́n á dí i pa fún oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èso àjàrà funfun tí wọ́n ṣe báyìí máa ń di ọtí tó pọ́n bí oyin. Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí àpá wáìnì lára àwọn àpáàdì tí wọ́n hú jáde ní gúúsù Tbilisi, olú-ìlú wọn, ọjọ́ orí àwọn àpáàdì náà sì tó nǹkan bí ọdún 8,000.

Oṣù September ni ìkórè tí wọ́n ń pè ní rtveli máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ń ṣe ọdún Alaverdoba, nígbà tí àwọn ará àfonífojì àti àwọn ará orí òkè ń péjọ sí kàtídírà náà láti gbàdúrà, láti tan àbẹ́là, láti jẹ, láti mu. Mo ya fọ́tò títí bátìrì fóònù mi fi tán. Ní ìrọ̀lẹ́, ìdílé tó gbà mí lálejò ní abúlé kan nítòsí Telavi pè mí sí ìdí tábìlì. Wọ́n bu wáìnì fún mi. Òùngbẹ sì ti ń gbẹ mí láti ọ̀sán. Mo gbé ife, mo mu ún.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá àgbà ilé náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bu òmíràn sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé èmi nìkan ni mo ti mu. Gbogbo àwọn yòókù di ife wọn mú, wọ́n ń wo bàbá kan tó jókòó sí orí tábìlì. Tamada ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí àsè. Ẹnikẹ́ni kì í mu kí ó tó sọ̀rọ̀. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo mọ̀ pé ọmọdé kì í bu ẹmu mu lójú àgbà kí wọ́n tó gbàdúrà sí i! Èmi tí mo máa ń bá yín wí bí ẹ bá fi ọwọ́ òsì gba ìwé lọ́wọ́ mi!

Bàbá náà dìde, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ọmọ ilé náà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń túmọ̀ fún mi. Wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ Ọlọ́run, wọ́n tọrọ àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mu fún ilẹ̀ wọn, fún àwọn tó ti kú, fún àwọn ọmọ, fún àlejò. Bí tamada bá ti sọ tirẹ̀ tán, wọ́n á ké "Gaumarjos!" kí wọ́n tó mu. Ìṣẹ́gun ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìṣẹ́gun yìí kan náà ló wà nínú ìkíni wọn ojoojúmọ́, "Gamarjoba". Ilẹ̀ tí ogun ti jà lọ́pọ̀ ìgbà ni. Ìtàn wọn wà nínú ìkíni wọn. Nígbà mìíràn, tamada á wo ẹnìkan, á ní "alaverdi", kí ẹni náà lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ náà àti orúkọ kàtídírà dún bákan náà. Mo ti ya kàtídírà náà ní fọ́tò tí kò níye láàárọ̀, n kò sì mọ̀ pé wọ́n ń pè é lórí ife lálẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Olùkọ́, owó àlejò ló ń mú kí irú àṣà bẹ́ẹ̀ wà láàyè, wọ́n mọ èdè o, wọn ò mọ̀ ọ́n o." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2006, Rọ́ṣíà, tó ń ra wáìnì Jọ́jíà jù lọ, fi òfin dè é, kò sì ṣí i padà títí di 2013. Àwọn tó ń ṣe wáìnì ní láti wá ọjà sí ilẹ̀ mìíràn, ìkòkò qvevri sì wà lára ohun tó fa ojú àwọn oníbàárà tuntun mọ́ra. Ní 2013 kan náà, UNESCO fi ọ̀nà ìṣe wáìnì yìí kún àwọn ohun àjogúnbá aráyé. N kò kóyán èyí kéré.

Ṣùgbọ́n ta ló tọ́jú ìkòkò kí UNESCO tó dé? Nígbà ìjọba Sófíẹ̀tì, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń ṣe wáìnì fún ọjà. Ní 1985, Gorbachev gbógun ti ọtí mímu, wọ́n sì hú ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà dànù. Àwọn ìdílé ló ń rọra ṣe tiwọn nínú marani ilé wọn. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ náà ló tọ́jú èdè. Ní ọjọ́ 14 oṣù April, 1978, nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ èdè Jọ́jíà kúrò nípò èdè ìjọba nínú òfin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú sí ìgboro Tbilisi, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Ìjọba yí ìpinnu padà. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín ni wọ́n. Ká ní èdè náà ti kú, ìkòkò lè wà, wáìnì lè wà, ṣùgbọ́n kí ni tamada ìbá dìde sọ?

Ẹlòmíràn á ní ènìyàn kò lè kọ́ gbogbo èdè ayé kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo gbà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́, kí ẹ sì bèèrè kí ẹ tó gbé ife. Ọ̀rọ̀ tí mo kó kúrò ní Kakheti kò ju mẹ́rin lọ: gamarjoba, madloba tí wọ́n fi ń dúpẹ́, gaumarjos, àti nakhvamdis tí wọ́n fi ń dágbére. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n ni ìyá àgbà ilé náà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan Yorùbá ni mo ń bá wí jù. Ẹ máa ń lọ sílé ní oṣù December. Àwọn kan nínú yín ti lọ sí ọdún Òṣun ní Òṣogbo, ẹ wọ aṣọ tó rẹwà, ẹ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì kì yín, ẹ̀rín ni ẹ ń rín, ẹ ó na fóònù sí i lójú, ẹ kò sì mọ̀ pé ó ń sọ ibi tí ẹ ti ṣẹ̀ wá. Èmi tí mo mutí ṣáájú àdúrà ní Kakheti, mo ní àwáwí: àjèjì ni mí níbẹ̀. Àwáwí wo ni ọmọ ilé ní?

Nítorí náà, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tó kàn, ẹ pe àgbà kan nílé. Ẹ ní kí ó fi oríkì kì yín. Ẹ má ya fídíò. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni kí ẹ mú wá sí kíláàsì.