Ẹ̀RÍ TÍ WỌ́N FI Ń TA ÌPARA

Ọ̀rọ̀ òní lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àwọn kan ń bínú pé a ò jẹ́ kí wọ́n polówó ìpara àti agbo nínú ìsìn mọ́. "Pásítọ̀, ẹ̀rí la fẹ́ jẹ́!" Ẹ̀rí kẹ̀? Ẹ̀rí tó ní iye owó àti nọ́ńbà WhatsApp nídìí?

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ọdún 1837, tí Victoria gorí oyè l'Ẹ́ńgílándì, ni Thomas Holloway bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìkunra tirẹ̀. Hóró oògùn sì tẹ̀lé e. Ó ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àìsàn tí wọn ò lè wò. Kí ló ń gbé sínú ìwé ìròyìn? Lẹ́tà àwọn tó ní ara àwọn ti yá! Bẹ́ẹ̀, álóè tó ń múni yàgbẹ́ wà lára ohun pàtàkì inú hóró yẹn. Owó ńlá ló rí níbẹ̀, òun ni wọ́n fi kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Royal Holloway tí Ọbabìnrin ṣí ní 1886. Àwọn mìíràn tilẹ̀ polówó arsenic, májèlé pọ́ńbélé, fún obìnrin tó fẹ́ kí ojú òun mọ́.

Tiwa ńkọ́? Ẹ wọ dánfó láti Mile 2 sí Àgbádárìgì. Kí ẹ tó dé Àgbárá, ẹni tó ń ta oògùn á ti jẹ́rìí tán: ìgò kan ṣoṣo, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn ríro, ojú, gbogbo ẹ̀. (Á tún kọ́kọ́ gbàdúrà fún dẹ́rẹ́bà.)

Ti ìpara ló burú jù. Ní 2023, NAFDAC kéde pé ara bíbó ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Mákúrì wà nínú àwọn kan. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Clobetasol wà nínú òmíràn. Bó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé bí iṣẹ́ abẹ bá dé, rírán rẹ̀ á di wàhálà fún dókítà. Àwọn ìyá kan sì ń fi pa ọmọ ọwọ́! Ọmọ tí ò tíì mọ orúkọ ara ẹ̀, ta ló sọ fún un pé ó dúdú jù?

Wọ́n ní kí làwọn arábìnrin tó ń tà á máa jẹ. A mọ̀ pé ìlú le. Ṣé àgbọn wọ́n wa létí òkun níbí ni? Ẹ fún àdí àgbọn, ẹ tà á lẹ́yìn ìsìn, àwa gan-an á rà. Ẹ ṣáà má sọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo ìpara yìí, ẹ má tijú, a ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Ẹ gbé ike rẹ̀ dání lọ sí ọsibítù, kí dókítà rí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀.